Ìlà kẹta lórí jẹ́ẹ̀lì XBP1

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo da tunicamycin (oògùn tí kì í jẹ́ kí ṣúgà lẹ̀ mọ́ purotéènì tuntun) sí sẹ́ẹ̀lì HeLa fún wákàtí 6 kí ìnira lè bá ER wọn (ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ká purotéènì), mo wá fi RT-PCR (tó ń sọ mRNA di DNA, tó sì ń sọ ọ́ di púpọ̀) wo mRNA jíìnì XBP1. Ìlà méjì ni mò ń retí, mẹ́ta ló jáde. Ṣé mRNA kẹta wà ni? – Akẹ́kọ̀ọ́ bàyókẹ́mísírì

ÌDÁHÙN: Kò sí o. Àwọn méjì yòókù ló bí ìlà òkè yẹn. Bí PCR bá ń parí lọ, okùn DNA kan lára èyí tí IRE1 (ẹ́ńsáìmù tó ń gé lẹ́tà 26 kúrò nínú mRNA XBP1 bí ìnira bá bá ER) kò gé á lẹ̀ mọ́ okùn kan lára èyí tó gé. Lẹ́tà 26 tí ẹnì kejì kò ní á yọ kókó síta, kókó náà ni kì í jẹ́ kó tètè rìn. Ẹ dín ìyípo PCR kù, kí ẹ sì lo jẹ́ẹ̀lì 3%. 1% kò lè ya lẹ́tà 26 sọ́tọ̀. Ẹ tún lè fi PstI (ẹ́ńsáìmù tó ń gé DNA) gé e: inú lẹ́tà 26 yẹn gan-an ni ojú ibi tó ń gé wà, nítorí náà èyí tí IRE1 ti gé nìkan ló yẹ kó kù lódindi. Àmọ́ ẹ má ka ìlà àdàlù yẹn mọ́ ọn, torí òun náà lè bọ́ lọ́wọ́ PstI.

Iye 26 yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Kò ṣeé fi 3 pín, nítorí náà bí IRE1 bá ti yọ ọ́, tí ẹ́ńsáìmù RtcB sì so ẹnu méjèèjì pọ̀, bí ráíbósómù ṣe ń ka mRNA yí padà. Purotéènì tó jẹ́ amino acid 261 di 376, ìrù tuntun yẹn ló sì ń ta jíìnì jí nínú núkílíọ́ọ̀sì.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan péré nìyẹn nínú mẹ́ta tí sẹ́ẹ̀lì ń gbà dáhùn sí ìnira ER. ATF6, purotéènì inú awọ ER, á lọ sí Golgi (ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń to purotéènì), ẹ́ńsáìmù S1P àti S2P á gé e, apá tó já á wá di CCAAT-N9-CCACG (ọ̀wọ́ lẹ́tà kan lórí DNA; N9 ni lẹ́tà mẹ́sàn-án èyíkéyìí) mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ purotéènì NF-Y. Ẹ́ńsáìmù PERK ní tirẹ̀ á fi fósífétì sí eIF2α (purotéènì tó ń bá ráíbósómù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́) ní Ser51: ṣíṣe purotéènì á lọ sílẹ̀, purotéènì ATF4 á gòkè, á sì ta jíìnì CHOP jí. Nítorí náà, ẹ fi qPCR (PCR tó ń wọn iye) wo jíìnì ERdj4 fún XBP1, BiP fún ATF6, CHOP fún PERK, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń wọnú ara wọn díẹ̀.

Ẹ mú àyẹ̀wò ní wákàtí 2, 6 àti 24, kí DMSO lásán (omi tí a fi ń yo oògùn, láìsí oògùn nínú rẹ̀) wà níbi gbogbo. Tó bá di wákàtí 24, XBP1 tí wọ́n gé lè ti dín kù nígbà tí CHOP ṣì ga. Tunicamycin kì í sì yára, torí ó dìgbà tí purotéènì tuntun tí kò ní ṣúgà bá kún inú ER. Thapsigargin, oògùn mìíràn tó ń kó ìnira bá ER, yá jù ú lọ.