Kí ló dé tí mànàmáná fi máa ń kọ́kọ́ kọ kí àrá tó sán?

Ẹ̀ẹ̀kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣẹlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló yára ju ìró lọ, òun ló fi ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bíi 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìró inú afẹ́fẹ́ kò ju bíi 340 mítà lọ.

Ooru ló ń fa ariwo yẹn. Ibi tí mànàmáná bá gbà kọjá nínú afẹ́fẹ́ lè gbóná tó nǹkan bíi 30,000°C, èyí tó tó ìlọ́po márùn-ún ooru ojú oòrùn. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á wú lójijì, á sì ti èyí tó yí i ká tagbáratagbára. Òun là ń gbọ́ bí àrá. Nítorí pé ọ̀nà mànàmáná gùn, ìró apá tó sún mọ́ wa á kọ́kọ́ dé, ti apá tó jìnnà á tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí àrá fi ń kù rìrì dípò kó dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Tó o bá fẹ́ mọ bó ṣe jìnnà tó, ka ìṣẹ́jú àáyá láti ìgbà tí mànàmáná kọ títí tí àrá fi sán, kó o fi 3 pín in: 9 túmọ̀ sí kìlómítà 3. (Àwọn tó ń fi 5 pín in, máìlì ni wọ́n ń kà.) Bó bá sán nítòsí gan-an, ìgbà kan náà ni wàá rí i tí wàá sì gbọ́ ọ. Bó bá sì ti ju nǹkan bíi kìlómítà 25 lọ, ìmọ́lẹ̀ nìkan la sábà máa ń rí.