Ṣé dandan ni kí ajá wà lórí okùn ní ibùdó àgọ́ àti etí adágún?

Bẹ́ẹ̀ ni: ní àwọn ọgbà ìgbẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ibi yòówù tí wọ́n bá ti gba ajá láyè, orí okùn ló gbọ́dọ̀ wà, okùn náà kò sì gbọdọ̀ gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ, ìyẹn bíi mítà 1.8. Síso ajá mọ́ igi, kí ẹ wá fi í sílẹ̀ lọ, lòdì sí òfin pẹ̀lú.

Ní Yellowstone, ọ̀kan nínú àwọn ọgbà yìí, òfin tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ajá kò gbọdọ̀ jìnnà ju ẹsẹ̀ bàtà 100 sí ojú títì, ibi ìgbọ́kọ̀sí tàbí ibùdó àgọ́. Kò sí àyè fún un ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ inú igbó, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ dé àgbègbè àwọn ìsun omi gbígbóná. Ẹ má fojú kékeré wo ti ìsun yìí. Ní oṣù Keje ọdún 1981, ajá kan sá jáde nínú ọkọ̀, ó kó sínú ọ̀kan nínú wọn. Ọkùnrin tó bẹ́ wọlé láti yọ ọ́ kú, ajá náà kú.

Ẹranko igbó ni ìdí kejì. Ajá tó bá lọ gbó béárì tàbí ẹfọ̀n Amẹ́ríkà lè sá padà bá olówó rẹ̀, kí ẹranko náà sì máa lé e bọ̀.

Ajá tí wọ́n kọ́ láti máa ran aláìlera lọ́wọ́ lè bá olówó rẹ̀ dé ibi tí ajá mìíràn kò gbọdọ̀ dé.