Ọ̀gá mi ni mò ń fẹ́, a ò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni

Arábìnrin ẹni ọdún 27 kan kọ̀wé sí wa láti Ìbàdàn. Káṣíà ni ní báńkì kan, ọ̀gá tó ń bójú tó àwọn káṣíà ní ẹ̀ka wọn ló sì ń fẹ́. Oṣù kẹjọ rèé tí wọ́n ti ń ṣe é ní bòókẹ́lẹ́. Ọ̀gá ní kó pa á mọ́ra títí dìgbà mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Bí ọ̀gá bá lọ jẹun ọ̀sán, páswọ́ọ̀dù ọ̀gá ló fi ń fọwọ́ sí owó tó bá ju àṣẹ tirẹ̀ lọ. Òfófó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù.

Ọmọ mi, páswọ́ọ̀dù yẹn ni kó bà ọ́ lẹ́rù, kì í ṣe òfófó. Ẹni tó tẹ owó wọlé kọ́ ló ń fọwọ́ sí i ní báńkì; èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ rí i. Lọ́jọ́ tí owó oníbàárà kan bá dín, orúkọ ọ̀gá ni kọ̀ǹpútà máa gbé jáde, bẹ́ẹ̀ kámẹ́rà ti rí i tó ń jáde ní géètì lákòókò náà gan-an. Kò sí ọ́dítọ̀ tó máa bi yín léèrè ìfẹ́. Wọ́n á ní ẹ gbìmọ̀ pọ̀ ni, iṣẹ́ ẹ̀yin méjèèjì á sì lọ. Lónìí ni kí ọ̀gá yí páswọ́ọ̀dù náà padà. Kí oníbàárà dúró títí ọ̀gá á fi jẹun tán, tàbí kí ọ̀gá ní kí ẹlòmíì tó láṣẹ fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn náà, wá ìwé òfin òṣìṣẹ́ tí wọ́n fún ọ nígbà tí wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́. Báńkì mìíràn kì í gba tọkọtaya rárá. Òmíràn kàn ní kí wọ́n má wà ní ẹ̀ka kan náà ni. Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, ẹ sọ ẹni tó máa fiṣẹ́ sílẹ̀ kí ẹbí tó pàdé. Má kàn gbà pé ìwọ ni nítorí pé obìnrin ni ọ́. Ẹ gbé owó oṣù ẹ̀yin méjèèjì kalẹ̀, kí ẹ wò ó.

Òun tó jẹ́ ọ̀gá ló yẹ kó kọ̀wé sí HR, ìyẹn ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọ. Ìlà mẹ́ta tó: pé ẹ ń fẹ́ra, pé abẹ́ rẹ̀ lo ti ń ṣiṣẹ́, pé kí wọ́n gbé ẹnì kan kúrò níbẹ̀. Kó ṣe é kí ó tó fún ọ ní máàkì iṣẹ́ rẹ ti ọdún yìí, torí bí máàkì náà bá dára, wọ́n á ní orí bẹ́ẹ̀dì lo ti gbà á. Èmi ò tilẹ̀ fẹ́ràn "pa á mọ́ra" yẹn. Òun ló ń dáàbò bò jù ọ́ lọ. Fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá kọ̀, ìwọ fúnra rẹ tọrọ ẹ̀ka mìíràn.

Kí n má gbàgbé: ṣé o ti ṣe onídùúró fún un lórí ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀? Bí kò bá san án, owó oṣù rẹ ni wọ́n máa gé, yálà ẹ ṣì ń fẹ́ra tàbí ẹ ti túká. Béèrè iye tó kù, kó sì wá ẹlòmíì rọ́pò rẹ.