Mo fẹ́ fi Ubuntu sórí láptọ́ọ̀pù mi, àmọ́ mi ò fẹ́ kí Windows lọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Ìgbógbó n'Ìkòròdú ni mo ń gbé, mo ń kọ́ programming. Ọ̀gá wa ní ká lọ fi Ubuntu, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sórí láptọ́ọ̀pù wa, àmọ́ orí láptọ́ọ̀pù yìí náà ni màmá mi ń kọ àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù wọn sí nínú Excel, gbogbo àwọn tó jẹ wọ́n lówó ló wà níbẹ̀. Ṣé Windows àti Ubuntu lè jọ gbé inú kọ̀ǹpútà kan tí ọ̀kan ò ní pa èkejì? Windows 10 ni, hard disk ẹ̀ 500GB, RAM 8GB. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, wọ́n lè jọ gbé dáadáa. Ọ̀kan ṣoṣo ló máa ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, torí náà RAM ẹ ò ní pín sí méjì, hard disk nìkan lo máa pín. Tó o bá ti tan kọ̀ǹpútà, ojú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní GRUB á yọ sójú, á bi ẹ́ pé èwo lo fẹ́, o yan, ó parí.

Àmọ́ ẹ̀rù tó ń bà ẹ́ yẹn, má jẹ́ kó kúrò lára ẹ o. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe tèmi, ẹnì kan ní Garage ló bá mi ṣe é, ó tẹ ibi tí wọ́n kọ "Erase disk and install Ubuntu" sí, kò kà á, èmi náà ò kà á, mò ń bá ẹlẹ́kọ sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí n tó wo ojú kọ̀ǹpútà padà, fọ́tò ìsọmọlórúkọ ọmọ mi àkọ́kọ́ ti lọ, mi ò rí wọn títí dòní. Torí náà kọ́kọ́ kọ́pì Excel màmá ẹ sórí fláàṣì, fi òmíì sórí Google Drive, kó o wá ṣí i lórí fóònù, kó o rí orúkọ onígbèsè àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn níbẹ̀ kó o tó sọ pé o ti kọ́pì nǹkan kan.

Inú Windows gan-an ni kó o ti wá àyè fún Ubuntu. Wò ó bóyá BitLocker, ìyẹn ohun tí Windows fi ń ti hard disk pa kí ẹlòmíì má bàa ka nǹkan inú ẹ̀, wà ní títàn, ó máa ń wà lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀. Tó bá wà, kọ recovery key ẹ̀ sínú ìwé, nọ́ńbà 48 ni, kó o wá pa á, kó o sì dúró kó ṣe tán. Lẹ́yìn náà, lọ sí Disk Management, right-click C, ibi tí Windows wà, yan Shrink Volume láti gé àyè kúrò lára ẹ̀. 25GB ni Ubuntu sọ pé ó kéré jù, èmi á ní kó o fún un ní 80GB, ìyẹn 81920 tó o bá ń kọ ọ́ ní MB. Ibi tó ṣófo yẹn á ní ìlà dúdú lórí, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, má fọ́máàtì ẹ̀. Pa Fast Startup náà nínú Power Options, torí tó bá wà níbẹ̀, tó o bá ní o ti pa Windows, oorun lásán ló ń sùn, Ubuntu ò sì ní lè kọ nǹkan sínú C.

Ubuntu 24.04 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6GB, lo dátà alẹ́. Ètò kékeré kan nínú Windows tó ń jẹ́ Rufus ni kó o fi gbé e sórí fláàṣì 8GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ Rufus máa nu gbogbo ohun tó wà nínú fláàṣì yẹn, torí náà jọ̀ọ́, má lo èyí tí Excel màmá wà nínú ẹ̀! Dell àti Lenovo, F12 lo máa tẹ̀ láti fi fláàṣì bẹ̀rẹ̀, HP, F9. Kọ́kọ́ yan Try Ubuntu, wò ó bóyá WiFi àti sáúǹdì ń ṣiṣẹ́. Tó o bá wá fẹ́ fi í sílẹ̀ pátápátá, ibi tí wọ́n kọ "Install Ubuntu alongside Windows Boot Manager" sí lo máa yàn. Tó ò bá rí i, má tẹ nǹkan míì, pa á, padà sínú Windows, lọ wo BitLocker yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí bátìrì ẹ kún kó o tó bẹ̀rẹ̀, kó o sì tún fi í sínú iná, ìwọ náà mọ iná àdúgbò wa.

Ní ti Windows 10 fúnra ẹ̀, 14 October 2025 ni Microsoft ṣíwọ́ fífi àtúnṣe ààbò ránṣẹ́ sí i bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, nítorí náà tó o bá fẹ́ wọ báǹkì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Ubuntu ni kó o máa gbà wọlé.

Nǹkan kan tún wà tó máa dà ẹ́ láàmú. Tó o bá ti inú Ubuntu padà sí Windows, aago á fi wákàtí kan lọ sẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà ò bàjẹ́ o. Aago UTC, ìyẹn aago tí gbogbo ayé fi ń ka tiwọn, ni Ubuntu ń tọ́jú sínú ẹ̀, Windows á rò pé aago ìlú wa ni, bẹ́ẹ̀ Nàìjíríà fi wákàtí 1 ṣáájú UTC. Ṣí terminal, ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, nínú Ubuntu, tẹ timedatectl set-local-rtc 1, ó ti tán. Ṣe é lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí màmá tó wá bi ẹ́ pé ọjà tí àwọn tà láago mẹ́ta, kí ló dé tí kọ̀ǹpútà ń pè é ní aago méjì.