"Ọjọ́ a bá kú là á dère": ṣé èébú ni?

Ìbéèrè: Wọ́n fẹ́ gbé ère ọ̀gá àgbà yunifásítì kan tó ti dolóògbé kalẹ̀ nínú ọgbà ilé-ìwé ní Ìkòròdú. Níbi ìpàdé, bàbá kan ní, "Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè." Inú bí àwọn kan. Ṣé bàbá bú olóògbé ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Àwa tó kù lẹ́yìn lòwe náà ń bá wí. Nígbà tí ọ̀gá wà lórí àlééfà, owó ilé-ìwé tó wọ́n àti ìyanṣẹ́lódì là ń rí lára rẹ̀. Ó kú tán, a ní irú rẹ̀ ò sí mọ́. Bí àwọn tó kọ̀wé ẹ̀sùn nígbà náà bá wà lára àwọn tó ń dáwó ère báyìí, ọ̀rọ̀ bàbá ti bá ẹni tó ń bá wí.

Ère tòótọ́ ló wà nídìí òwe yìí. Ní Ọ̀wọ̀ láyé àtijọ́, wọ́n máa ń gbẹ́ ère tí wọ́n ń pè ní àkó fún èèyàn pàtàkì tó bá kú: wọ́n á gbẹ́ ẹ tó ìwọ̀n èèyàn, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ olóògbé, wọ́n á gbé e yí ìlú ká, wọ́n á sì sin ín. Àgbẹ́gilére ìbílẹ̀ kì í sì í sábà gbẹ́ àìsàn tàbí ogbó sójú ère. Ẹ fún oníṣẹ́ ní fọ́tò ìgbà tí ara olóògbé ṣì le, tiwájú àti tẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ má fún un ní ti ilé ìwòsàn.

Bó bá jẹ́ ti sìmẹ́ńtì, yanrìn tó níyọ̀ ò dáa: irin inú rẹ̀ á dípẹtà, á wú, á sì la ère. Kí sìmẹ́ńtì tó bo irin nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí wọ́n sì máa bomi rin ín fún ọjọ́ 7 ó kéré tán.

Ẹ kọ́kọ́ bi ẹbí o. Mùsùlùmí pọ̀ ní Ìkòròdú, ọ̀pọ̀ wọn ò sì fẹ́ ère èèyàn. Ilé ìkàwé tàbí omi ẹ̀rọ lórúkọ olóògbé á tẹ́ wọn lọ́rùn jù.

Ẹ má kọ òwe yìí sára òkúta ìrántí, ẹ má sì pa á lójú opó. Bí ẹ tiẹ̀ gé ìdajì kejì kúrò, ẹni tó bá kà á á parí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Oríkì olóògbé ló yẹ ibẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn. Kí ẹbí yẹ̀ ẹ́ wò lórí bébà kí wọ́n tó fín in, torí àṣìkọ ara mábù ò ṣeé pa rẹ́.