Ahun Inú Ilé Mi, Ṣé Orí Ló Yàn Án Bẹ́ẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, okun o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ mi kì í nà mí, kì í mutí, àmọ́ ahun ni. Ó máa ń ka ẹja inú ìkòkò ọbẹ̀ kó tó lọ sóko, tó bá dé á tún un kà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ìyàwó ilé kejì wá tọrọ iyọ̀, mo bu ṣíbí méjì fún un, ló bá di ìjà tí gbogbo àdúgbò gbọ́. Ọmọ wa tó ń ka filọ́sọ́fì ní yunifásítì kàn ń rẹ́rìn-ín ni, ó ní àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ ti kọ bàbá òun sínú ìwé. Ṣé lóòótọ́ ni? Ṣé irú ìwà yìí sì máa ń yí padà, àbí bó ṣe yàn án látọ̀run nìyẹn? (Ìyá Ìbejì, Kàbà)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, okun gidi o. Ọmọ yín ò parọ́, ẹ má bínú sí i. Theophrastus lorúkọ ẹni tó kọ ọ́, ará erékùṣù Lesbos ni, òun ló gba ilé-ẹ̀kọ́ Lyceum ní Athens lọ́wọ́ Aristotle ọ̀gá ẹ̀. Ó kọ ìwé pẹlẹbẹ kan tó fi ṣàpèjúwe oríṣi èèyàn 30, aláròyé, apọ́nni, afọ́nnu, gbogbo wọn, kò wàásù fún ẹnikẹ́ni, ohun tí wọ́n ń ṣe ló kàn ń sọ. (Ọkùnrin yìí náà ló kọ ìwé ńlá ńlá nípa igi àti ewé, mo rò pé bó ṣe ń wo ewé náà ló ṣe ń wo èèyàn.)

Ahun tiẹ̀ wá rèé: owó bàbà kékeré kan já bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀, ni bàbá bá gbé bẹ́ẹ̀dì, ó gbé àga, ó gbé àpótí, ó ń tú gbogbo ilé kiri. Kò jẹ́ kẹ́nì kankan ṣa èso tó já bọ́ fúnra ẹ̀ lábẹ́ igi ẹ̀ (ẹ̀yin tẹ́ ẹ lóko kajú lọ́nà Ìyàrá, mò ń wò yín o). Tí wọ́n bá jọ ń jẹun, á máa ka iye ife tí kálukú mu. Ó wá kìlọ̀ fún ìyàwó ẹ̀ pé kò gbọdọ̀ yá ará ilé kejì ní òwú àtùpà, kò gbọdọ̀ yá wọn ní iyọ̀, ó ní nǹkan kékeré wọ̀nyẹn, tọ́dún bá fi máa yí po, á ti di púpọ̀. Iyọ̀ o! Ó lé ní 2,300 ọdún tí wọ́n ti kọ ìyẹn. Òmíì tún wà níbẹ̀ tó ń ṣègbéyàwó ọmọ ẹ̀, ó gba àwọn tó máa gbé oúnjẹ fún àlejò, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ tiwọn dání wá.

Ní ti orí, Heraclitus, ọlọ́gbọ́n Gíríìkì kan ará Efesu, ti sọ tiẹ̀ ṣáájú wọn, tí n bá ní kí n sọ ọ́ bó ṣe máa yé wa nílé, ohun tó ní ni pé ìwà èèyàn gan-an lorí ẹ̀. Aristotle ní àṣesọdàṣà ni, bí èèyàn ṣe ń kọ́lé ló fi ń di bíríkìlà, kò sẹ́ni tí wọ́n bí tòun ti ṣọ́bìrì. Àmọ́ mi ò ní tàn yín, ọkùnrin yìí kan náà ló sọ pé àpà sàn díẹ̀, ọjọ́ orí tàbí ìṣẹ́ lè wò ó sàn, ahun ni ò gbóògùn, ogbó gan-an tún ń dá kún un ni.

Ó tún sọ nǹkan kan ṣá, tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ó ní àwọn ahun kan wà tí kì í fọwọ́ kan nǹkan ẹlòmíì, tiwọn ni wọn ò fẹ́ kó lọ, torí wọ́n ń bẹ̀rù ọjọ́ tí àìní á sún wọn ṣe ohun ìtìjú. Ṣé ọkọ yín máa ń san owó àwọn tó ń bá a kọ ebè pé? Tó bá ń san án, ẹ bi í léèrè jẹ́jẹ́ ohun tójú ẹ̀ ti rí. Èmi náà, lọ́dún tówó oṣù wa ò wọlé fún oṣù gbọọrọ, mo fi bírò sàmì sára ìgò òróró. Owó ti padà dé tipẹ́, mo ṣì ń wo àmì yẹn títí dòní.

Aristotle ní tí igi bá wọ́, òdìkejì lèèyàn máa fà á sí kó tó lè nà. Torí náà tẹ́nì kan bá tún wá tọrọ iyọ̀, ẹ má dá a lóhùn, ẹ pe bàbá, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara ẹ̀ bù ú, ṣíbí kan péré, kó gbọ́ "ẹ ṣeun" náà fúnra ẹ̀. Tó bá dọ̀la, ẹ tún pè é. Ẹ má sì jẹ́ kọ́mọ yẹn ka ìwé Theophrastus sí i létí o! Ní ti ẹja, ẹ rún un sínú ọbẹ̀, ká wá wo ohun tó máa kà.