Kí Ẹ Tó Fi Páìpù Tuntun Díje: Lẹ́tà Mẹ́ta Lórí Ẹ́ńjìnnì Two-Stroke

Lẹ́tà mẹ́ta ni a yàn fún ojú ìwé yìí lóṣù yìí, gbogbo wọn sì dá lórí ẹ́ńjìnnì two-stroke, irú èyí tí a máa ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Méjì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn wa ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin sáré lórí iyanrìn. Ẹ̀kẹta wá láti Abẹ́òkúta.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Mo ra Yamaha Banshee ọdún 2003 níbí ní Phoenix, Arizona. Mo pààrọ̀ páìpù èéfín rẹ̀ méjèèjì sí irú èyí tí wọ́n fi ń díje, mo sì yọ àpótí tí ó bo fílítà kúrò kí ó lè máa mí dáadáa. Ní oṣù kọkànlá, a gbé e lọ sí Glamis, ibi òkìtì iyanrìn ní California. Ó sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń gun òkìtì gíga kan tí mo sì fún un níná dé òpin, ẹ́ńjìnnì náà gan lójijì. Nígbà tí a tú u, pisítìn apá òsì ti yọ́ létí, ti apá ọ̀tún kò sì ṣe nǹkan kan. Ẹni tí ó ta páìpù fún mi ní kí n fi kún ọ́ìlì tí mo ń pò mọ́ epo. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó tò ó padà?

ÌDÁHÙN: Ẹ má fi kún ọ́ìlì. Jẹ́ẹ̀tì inú kabúrétọ̀, ìyẹn ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá, kò mọ ìyàtọ̀ láàrin epo àti ọ́ìlì. Ìwọ̀n omi kan náà ni ó ń jẹ́ kí ó kọjá. Bí ẹ bá po ìdá 32 epo mọ́ ìdá kan ọ́ìlì, ìyẹn mílílítà 625 ọ́ìlì sínú lítà 20 epo, nínú lítà kọ̀ọ̀kan tí ó bá gba jẹ́ẹ̀tì kọjá, nǹkan bíi mílílítà 970 ni epo gidi. Bí ẹ bá sọ ọ́ di ìdá 20 sí ọ̀kan, epo gidi já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 952. Ìyàtọ̀ náà kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì lè dá pisítìn yọ́, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ kò fẹ́ dé gan-an ni ó ń tì yín lọ.

Ìdí ni pé epo tí ẹ́ńjìnnì yín ń rí kò tó afẹ́fẹ́ tí ó ń fà wọlé. Jẹ́ẹ̀tì ńlá nọ́ńbà 200 tí ilé-iṣẹ́ fi sínú kabúrétọ̀ Mikuni rẹ̀ méjèèjì bá páìpù àti àpótí fílítà tí ó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ mu. Nígbà tí ẹ yọ méjèèjì kúrò, ó yẹ kí jẹ́ẹ̀tì yẹn kọjá 250 dáadáa. Ẹ tún wá sáré ní kùtùkùtù òwúrọ̀ nínú oṣù kọkànlá, nígbà tí afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ tutù, tí ó sì ki, tí epo tí ó ń béèrè sì pọ̀ ju ti ọ̀sán lọ. Ẹ́ńjìnnì tí kò ṣe nǹkan kan lọ́sàn-án àná lè jó láàárọ̀ yìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Síbẹ̀, ohun tí ó gba àfiyèsí jù nínú lẹ́tà yín ni pé apá òsì nìkan ni ó jó. Páìpù, fílítà àti òtútù kan ìhà méjèèjì bákan náà, nítorí náà nǹkan mìíràn wà lápá òsì tí kò sí lápá ọ̀tún. Lórí Banshee, apá òsì ni fúláíwíìlì wà, síìlì kíráńkì (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba etí kíráńkì wọlé) tó wà níbẹ̀ sì kọjú sí ibi gbígbẹ. Bí ó bá ti gbó, afẹ́fẹ́ lásán ni ẹ́ńjìnnì yóò máa fà gba ibẹ̀, epo inú sìlíńdà òsì yóò sì tún dín kù sí i láìsí àmì kankan. Síìlì apá ọ̀tún wà lẹ́yìn kílọ́ọ̀ṣì. Bí òun bá gbó, ọ́ìlì gíà ni yóò máa fà, èéfín funfun yóò sì tú u fó. Ti apá òsì kì í sọ̀rọ̀ títí yóò fi jó pisítìn.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò jíjò afẹ́fẹ́ nígbà tí ẹ bá tò ó tán, kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ ta á rárá. Ẹ dí ẹnu ibi tí èéfín ń gbà jáde àti ibi tí kabúrétọ̀ ń wọlé, kí ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ títí ìfúnpá rẹ̀ yóò fi dé psi mẹ́fà, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà. Kò gbọ́dọ̀ já wálẹ̀. Bí ó bá já, ẹ fi omi ọṣẹ pa síìlì, rọ́bà tí ó so kabúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, ibi tí ewé pẹlẹbẹ fáàfù wà, àti ìdí sìlíńdà. Ibi tí ó bá ń hó ni ó ń jò. Mo mọ àwọn tí wọ́n ti náwó gọbọi sórí pisítìn lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé wọn kò fẹ́ lo ìṣẹ́jú mẹ́fà yìí. Ẹ tún wò ó bóyá abẹ́rẹ́ inú kabúrétọ̀ méjèèjì ń gbéra pọ̀ nígbà tí ẹ bá fún un níná, bóyá ìdọ̀tí kò sì sí nínú jẹ́ẹ̀tì apá òsì.

Irin pisítìn tí ó yọ́ kò lè ṣàì dé ibi bọ́ọ̀lù kíráńkì, nítorí náà ẹ tú ilé kíráńkì pátápátá kí ẹ sì fọ̀ ọ́. Sìlíńdà méjèèjì ni kí ẹ gbẹ́ sí ìwọ̀n kan náà, kì í ṣe èyí tí ó bàjẹ́ nìkan.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ tó lè wá jẹ́ẹ̀tì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó tóbi jù, kí ẹ sì máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Púlọ́ọ̀gì tuntun ni kí ẹ fi sí i. Ẹ fún un níná dé òpin ní gíà kẹrin, ẹ di kílọ́ọ̀ṣì mú kí ẹ sì pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí bí ẹ bá jẹ́ kí ó rọra máa dún padà, ohun tí ẹ ó rí lórí púlọ́ọ̀gì kì í ṣe ti iná òpin mọ́. Àwọ̀ ẹnu púlọ́ọ̀gì lásán máa ń tan ènìyàn. Ìsàlẹ̀ tánganran funfun inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ni kí ẹ wò fún òrùka dúdú tín-ín-rín. Ẹ rántí pẹ̀lú pé jẹ́ẹ̀tì ńlá kò ní agbára kankan lórí iná tí kò tíì dé ìlàjì; abẹ́rẹ́ àti jẹ́ẹ̀tì kékeré ni ó ń ṣàkóso ibẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ìmọ̀ràn, ẹ̀gbọ́n. Houston, Texas ni mo wà. Mo ti ṣètò páìpù àti jẹ́ẹ̀tì Banshee mi, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìdíje tààrà ẹsẹ̀ bàtà 300 lórí iyanrìn ni mo fẹ́ máa lọ. Owó mi kò lè ṣe ju ohun kan lọ báyìí: ṣé kí n gbẹ́ ihò ara sìlíńdà ni, tàbí kí n ra kíráńkì tí ó fi mílímítà mẹ́rin gùn sí i, tàbí kí n kàn mú kí orí ẹ́ńjìnnì máa fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ sí i?

ÌDÁHÙN: Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 300 nìkan ni, ẹ gbẹ́ ihò. Ìgbà tí ihò èéfín bá ṣí ni ó ń pinnu ibi tí agbára two-stroke yóò wà: bí ẹ bá gbé òkè ihò náà ga, yóò tètè ṣí, agbára yóò sì lọ sókè sí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń yí kíákíá, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ yóò di òfo. Lórí ìdíje tààrà, ìsàlẹ̀ kò ṣe pàtàkì, nítorí ẹ kò ní jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sọ̀ kalẹ̀ dé ibẹ̀. Ẹ gbé e fún ẹni tí ó ní ìwọ̀n ihò náà ní dígírì yíyí kíráńkì, kì í ṣe ẹni tí ó kàn ní ẹ̀rọ ìgbẹ́rin. Irin tí a bá ti gbẹ́ kúrò kò ṣeé dá padà.

Bí ẹ bá sì tún fẹ́ máa gùn ún kiri òkìtì iyanrìn pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́, kíráńkì ni kí ẹ tọ́jú owó fún, nítorí òun ń fi agbára kún ìsàlẹ̀ àti àárín. Banshee tí ó jáde láti ilé-iṣẹ́ ní sìlíńdà mílímítà 64 àti ìrìn pisítìn 54, ìyẹn cc 347. Bí ìrìn bá di 58, ó di cc 373. Àwọn tí wọ́n tún fi sìlíńdà mílímítà 68 kún un a máa dé cc 421. Ohun tí àwọn olùtajà kì í tẹnu mọ́ ni pé mílímítà mẹ́rin yẹn pín sí méjì: pisítìn yóò gòkè sí i ní mílímítà méjì, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ sí i ní méjì. Bí ẹ kò bá gbẹ́ orí ẹ́ńjìnnì tàbí kí ẹ fi nǹkan gbé sìlíńdà sókè, pisítìn yóò gbá orí rẹ̀. Bí ẹ bá sì gbé sìlíńdà sókè, gbogbo àsìkò ṣíṣí ihò yóò yí padà. Kíráńkì kì í ṣe ohun kan ṣoṣo tí a ń rà.

Fífún orí pọ̀ ni ó dínwó jù, òun náà ni ó sì tètè ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ẹ fi wáyà lẹ́ẹ̀dì rírọ̀ gba ihò púlọ́ọ̀gì wọlé, kí ẹ yí ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì wọn ibi tí ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ní apá méjèèjì pisítìn. Mílímítà kan ni mo máa ń fẹ́. Bí ìwọ̀n ìfúnpọ̀ bá kọjá nǹkan bíi psi 150 sí 160 nígbà tí ẹ bá ń fi ẹsẹ̀ ta á, èmi kò ní gbẹ́kẹ̀ lé epo octane 91 tàbí 93 (ìwọ̀n bí epo ṣe lè fara da ìfúnpọ̀ tó) tí wọ́n ń tà ní ilé epo. Epo ìdíje ni ó kù. Àwọn tí wọ́n ń sún iná púlọ́ọ̀gì ṣíwájú ní dígírì mẹ́rin lórí ìfúnpọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ní ìlọ́po méjì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú làákàyè o. Mẹkáníìkì ni mí ní Abẹ́òkúta. Mo ti tún ọ̀pọ̀ Suzuki AX100 ṣe nígbà tí wọ́n ṣì pọ̀ nígboro, mo sì ń tún jẹnẹrétọ̀ kékeré two-stroke ṣe títí di òní. Àbúrò mi kan ní Amẹ́ríkà fi àwòrán páìpù oníkùn ńlá ránṣẹ́ sí mi. Kí ni ikùn náà wà fún? Ṣé mo lè jó irin pọ̀ ṣe irú rẹ̀ fún àwọn tiwa?

ÌDÁHÙN: Nígbà tí ihò èéfín bá ṣí, ìgbì ìfúnpá kan máa ń sáré lọ sínú páìpù. Bí ó bá dé ibi tí páìpù ti ń fẹ̀, apá kan rẹ̀ yóò padà bí ìfàmọ́ra, yóò sì fa epo tuntun gba inú sìlíńdà kọjá, díẹ̀ a sì tú dà sínú páìpù. Bí ó bá dé ibi tí ikùn ti tún ń fún, ìgbì tí ó padà láti ibẹ̀ yóò ti epo tí ó tú dà náà wọlé padà kí ihò tó pa. Walter Kaaden, ẹlẹ́rọ ilé-iṣẹ́ alùpùpù MZ ní Zschopau ní Ìlà-Oòrùn Jámánì, ni ó fi ìmọ̀ yìí dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé: ní 1961, ẹ́ńjìnnì cc 125 rẹ̀ mú agbára ẹṣin 25 jáde. Lọ́dún náà ni Ernst Degner tí ó ń gùn ún sá kúrò nígbà ìdíje ní Sweden, ó lọ bá Suzuki, ó sì gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé cc 50 fún wọn ní 1962.

Ohun tí ó ṣòro ni pé ìgbì náà gbọ́dọ̀ padà dé lásìkò. Nínú èéfín gbígbóná, ó ń rìn ní nǹkan bíi mítà 500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ihò bá ṣí fún dígírì 190, tí ẹ́ńjìnnì sì ń yí ní ìgbà 9,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbì náà ní àyè láti rin mítà 1.76 ní àlọ àti àbọ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ pàdé ibi tí ó fún ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 88 sí ihò. Páìpù AX100 tí ẹ bá jó láìwọn ihò rẹ̀ lè dín agbára rẹ̀ kù dípò kí ó fi kún un. Bí ẹ bá sì wọ̀n ọ́n dáadáa, orí iná gíga nìkan ni yóò ti wúlò. Ọlọ́kadà tí ó gbé ènìyàn méjì gun òkè kò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ní ti jẹnẹrétọ̀, ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan ni ó ń yí, kò sì gbọ́dọ̀ yàtọ̀ kí iná má baà ṣe ségesège. Kódà bí ihò rẹ̀ bá ṣí fún dígírì 140 péré, ibi tí ó fún nínú páìpù náà yóò jìnnà sí ihò tó mítà 1.94, èyí tí ó gùn ju ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń gbé jẹnẹrétọ̀ lọ. Ẹ fi sàlẹ́ńsà rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe wà, kí ẹ sì kàn máa ha èédú tí ó bá di ẹnu rẹ̀.